Etí Kan fún Ilé Kan

Sífáwù, obìnrin tí ó ń fi gírísì pa ẹ̀wọ̀n ìlẹ̀kùn omi, ni ó kọ́kọ́ sọ fún Rẹ̀mílẹ́kún pé ibì kan wà ní Ẹ̀búté Tuntun tí ènìyàn ti lè gbé etí rẹ̀ sílẹ̀ kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Kò sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ńlá. Ẹ̀pà ni ó ń jẹ lọ́wọ́, ó ń ju èèpo rẹ̀ sí òkun. Ó ní Ilé Agbọ́rọ̀ ni wọ́n ń pe ibẹ̀, pé ohùn ìyá ọmọ gan-an ni ẹ̀rọ wọn fi ń dá ọmọ lóhùn, àti pé ọmọ kì í fura. Ẹ̀rín ni Rẹ̀mílẹ́kún fi gbé e. Ó ní ta ni yóò bímọ tán tí yóò wá bẹ irin lọ́wẹ̀ pé kó máa bá òun dá ọmọ lóhùn.

Sífáwù wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹran ṣì wà lára rẹ lo fi ń sọ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Jẹ́ kó ku egungun ná, a ó jọ sọ ọ́."

Oṣù mẹ́ta ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ẹran sì ti dín lára Rẹ̀mílẹ́kún. Bí ó bá fi òòyà sí orí, irun a bá òòyà jáde ní ìdì kọ̀ọ̀kan, a sì kó o sínú ìgò kí ìyá ọkọ rẹ̀ má baà rí i.

Ní òwúrọ̀ tí à ń sọ yìí, ó dúró lórí àwo irin méjì nínú ilé gíláàsì tí ó wà lórí ògiri òkun, ó na apá rẹ̀ méjèèjì sókè, ó sì gbé ìlẹ̀kùn omi dání. Bí iṣẹ́ adènà ṣe rí nìyẹn. Ohun tí ara adènà bá ṣe lókè ni apá irin ńlá kan, tí ó ní oríkèé bí ara ènìyàn, máa ń ṣe nísàlẹ̀. Bí ó bá na ọwọ́, apá irin a gbé ìlẹ̀kùn kúrò nínú omi, àwọn ọkọ̀ apẹja a wọlé. Bí ó bá rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀, ìlẹ̀kùn a padà sí àyè rẹ̀, òkun a sì dúró síta. Ìwúwo omi náà sì ń dé èjìká adènà, kí ó lè mọ ohun tí ó gbé.

Ọdún karùn-ún rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìyí. Nígbà tí ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀, a máa dé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, láìsí ẹni tí ó ní kí ó tètè wá. Inú rẹ̀ a máa dùn pé obìnrin kúkúrú bí òun, tí kò lè gbé garawa omi sórí àyàfi kí ẹnìkan bá òun gbé e rù, òun ni ó gbé òkun lọ́wọ́ yìí. Nísinsìnyí, bí ó bá ti rí ògiri náà lókèèrè, a bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹsẹ̀.

Ohun tí ó fà á wà ní etí òsì rẹ̀.

Ikọ́ ni ó kọ́kọ́ gbọ́. Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ń húkọ́ nílé, ikọ́ fée tí ó máa ń há a láyà bí afẹ́fẹ́ bá yí padà. Ikọ́ náà gba inú ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọmọ náà, ó jáde nínú yẹtí òfin tí ó wà létí ìyá rẹ̀, bí ẹni pé ọmọ náà gbé ẹnu lé e létí. Yẹtí òfin, tí ẹnìkan gbọ́dọ̀ wọ̀ ní ilé kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá wà, kò ṣe é bọ́. Ohùn rẹ̀ kò sì ṣe é dín kù.

"Àwẹ̀ró mi," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. "Fa oògùn símú lẹ́ẹ̀kan. Kà dé mẹ́wàá. Fà á lẹ́ẹ̀kejì."

"Mo ti fà á, Mọ́mì. Ó ṣì há."

"Gbé ẹ̀yìn ti ògiri. Mo wà níbí."

Ọkọ̀ apẹja méjì ti kọjá lábẹ́ ìlẹ̀kùn. Ẹ̀kẹta ń bọ̀, ó kún fún ẹja dé etí, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Èjìká Rẹ̀mílẹ́kún ń gbọ̀n. Ó ń ka èémí ọmọ rẹ̀, ó ń ka ìgbì omi, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àwọn méjèèjì já. Nígbà náà ni ohùn mìíràn wọlé sí etí kan náà.

"Ìyàwó."

Ìyá ọkọ rẹ̀ ni, Ìyá Ọláìtán, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Obìnrin náà kì í pariwo. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú, òun gan-an sì ni ó ń bá Rẹ̀mílẹ́kún tọ́jú ọmọ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

"Ìyàwó mi, mi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ láàárọ̀ yìí."

Ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Rẹ̀mílẹ́kún ti jáde nílé kí ìyá náà tó jí, kò tíì kí i, ìyá tí ó bí òun náà sì ti fi pàṣán kọ́ orúnkún rẹ̀ kí ó tó kọ́ ẹnu rẹ̀ ní ọ̀rọ̀. Kí ó tó mọ ohun tí ó ń ṣe, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti kanlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti wálẹ̀, orí rẹ̀ ti tẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ó ní. "Ẹ jí ire bí?"

Nísàlẹ̀, apá irin tí ó ga tó ọ̀pẹ mẹ́ta kúnlẹ̀ nínú òkun fún ìyá ọkọ rẹ̀. Ìlẹ̀kùn omi já wálẹ̀, ó sì gé imú ọkọ̀ kẹta bí ẹni gé iṣu. Àwọn apẹja fò sínú omi. Ẹ̀rínfọlámí, ẹni tí ó ń tu ọkọ̀ náà, di ẹ̀wọ̀n ìlẹ̀kùn mú, ó gbójú sókè sí ilé gíláàsì, ó sì kígbe pé: "Adènà, ta lẹ tún ń kí?" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ó fẹ́ gùn sókè ni ó rí i pé ẹsẹ̀ òun ọ̀tún ti ṣẹ́ sí méjì, ẹ̀rín sì kú lẹ́nu gbogbo wọn.

Ọ̀gá Adéwùsì ni alábòójútó ògiri. Nígbà tí Rẹ̀mílẹ́kún wọ yàrá rẹ̀, àwòrán ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀ lára ògiri: apá irin ńlá náà ń kúnlẹ̀, ó ń dìde, ó tún ń kúnlẹ̀. Ọ̀gá pa àwòrán náà nígbà tí ó rí i. Rẹ̀mílẹ́kún wó sílẹ̀ lórí orúnkún láti bẹ̀ ẹ́.

"Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ dìde," ọ̀gá náà wí. "Ìkúnlẹ̀ yìí gan-an ni a ń sọ."

Ó jókòó. Ọ̀gá kò bú u. Ó rán an létí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, pé nígbà àkọ́kọ́, àárẹ̀ ni àwọn pè é, àwọn sì fún un ní ọjọ́ mẹ́rin kó fi sinmi. Rẹ̀mílẹ́kún rántí ọjọ́ mẹ́rin náà dáadáa. Aṣọ ni ó fi fọ̀, ilé ìwòsàn ni ó fi lọ. Nígbà kejì, wọ́n fi irin de orúnkún rẹ̀ kó má baà lè tẹ̀. Ìyá Ọláìtán pè é, orúnkún kò tẹ̀, ó sì tẹ̀ láti ìbàdí, ó dojú bolẹ̀ lórí àwo irin. Ìgbà kẹta wá nìyí, ẹsẹ̀ ènìyàn sì ti ṣẹ́.

Ó bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n bá òun gbé yẹtí náà sí etí ọkọ òun. Ọ̀gá mi orí. Ó ní Rẹ̀mílẹ́kún náà mọ̀ pé Sókótó ni Ọláìtán ọkọ rẹ̀ wà, níbi tí wọ́n ti ń kórè oòrùn, àti pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ó ń wálé. Òfin sì sọ pé etí tí yóò gbọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ kí omi ìkòkò tó hó, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún bí ìyá ọkọ rẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún ní kí wọ́n fún ilé òun ní yẹtí méjì nígbà náà, kí aládùúgbò kan wọ ọ̀kan. Ọ̀gá ní etí kan fún ilé kan ni. Nígbà tí ilé kan ń ní méjì, ìyá a rò pé bàbá ti gbọ́, bàbá a rò pé ìyá ti gbọ́, ibi tí ọmọ púpọ̀ sì kú sí nìyẹn.

"Ẹ fún mi ní iṣẹ́ mìíràn," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Ẹ jẹ́ kí n máa gbálẹ̀."

"Ìsàlẹ̀ Odò ni iṣẹ́ ìgbálẹ̀ wà. Ibi tí iṣẹ́ bá wà ni ilé wà, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó mọ̀. Ìsàlẹ̀ Odò ni ó bí Àwẹ̀ró sí. Omi iyọ̀ ń bẹ nínú yàrá wọn níbẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, èéhù dúdú sì ń gun ògiri bí ewéko. Ní ọdún àkọ́kọ́ ọmọ náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n gbé e digbádìgbá lọ sí ilé ìwòsàn, tí ètè rẹ̀ ti dúdú bí aró. Nítorí ìyẹn ni Rẹ̀mílẹ́kún ṣe lọ kọ́ iṣẹ́ adènà, nítorí pé àwọn adènà ń gbé lórí Òkè Ògiri, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ. Ọmọ náà ṣì ń húkọ́ lórí òkè, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ kò dúdú mọ́.

Ọ̀gá Adéwùsì ní òun kò lè sọ fún un pé kí ó ṣe é tàbí kí ó má ṣe é, ṣùgbọ́n Ilé Agbọ́rọ̀ wà. Etí tí a bá gbé síbẹ̀ kì í padà títí ọmọ yóò fi pé ọdún mẹ́wàá.

"Àwọn ọmọ tèmi méjèèjì wà lọ́wọ́ wọn," ó ní. "Mo gbọ́ pé mo máa ń pa àlọ́ fún wọn lójoojúmọ́." Ó wo ògiri tí àwòrán ti kúrò lára rẹ̀. "Mi ò mọ àlọ́ kankan."

Ó ní omi ìrọ̀lẹ́ yóò kún ní agogo mẹ́rin. Kí omi tó kún, kí Rẹ̀mílẹ́kún jẹ́ kí òun mọ èyí tí ó mú.

Ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Ilé Agbọ́rọ̀ ní ọ̀sán. Ní gbogbo ọ̀nà, ó ń gbọ́ ilé rẹ̀ létí: Àwẹ̀ró ń bi ìyá àgbà léèrè ìdí tí ẹja kì í fi sùn, ìyá àgbà ń dá a lóhùn pé bí ó bá sùn, ta ni yóò máa ṣọ́ omi. Ó gbọ́ bí ṣíbí ṣe ń kan àwo. Ó gbọ́ tí aládùúgbò kan wọlé, tí wọ́n sọ̀rọ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó dúró lójú ọ̀nà tí ó sì yíjú padà. Bí ó bá yíjú padà, a rí Ìsàlẹ̀ Odò lókèèrè, àwọn òrùlé rẹ̀ tí ó rí bí ẹ̀yìn ìjàpá nínú omi, a sì tún máa lọ.

Akọ̀wé tí ó bá níbẹ̀ jẹ́ obìnrin tí ọ̀yàyà wà lójú rẹ̀. Ó fún un ní omi tútù, ó sì ṣàlàyé fún un pé wọn kò ní nílò láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, nítorí gbogbo ohun tí ó ti sọ láti ọdún márùn-ún ni ó wà nínú yẹtí. Ó ní àní ìgbà tí ó bú ọmọ pàápàá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kì í lo ìyẹn. Ó ní ìlẹ̀kẹ̀ yóò máa gbọ́ bí ọmọ ṣe ń mí, yóò sì máa pe oníṣègùn fúnra rẹ̀. Bí ìyá bá délé, kò sí ohun tí ó ní kí ó má gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ fún un pé ohùn ìlẹ̀kẹ̀ kì í ṣe òun, nítorí ọmọ tí kò bá gba ohùn náà gbọ́ kò ní ṣe ohun tí ó bá sọ.

"Ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná, mà," ó ní. "Òfin ni. A kì í gba etí ẹni tí kò tíì gbọ́ ohun tí ó fi rọ́pò ara rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ má fọhùn."

Ó tẹ nǹkan kan lórí tábìlì. Nínú etí òsì Rẹ̀mílẹ́kún, Rẹ̀mílẹ́kún sọ̀rọ̀.

"Àwẹ̀ró mi, ọmọ dáadáa. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Mọ́mì." Ṣíbí kan dún lórí àwo. "Mọ́mì, ṣé inú yín dùn lónìí ni? Ohùn yín dùn."

"Inú mi dùn, ọmọ mi. Àyà ńkọ́?"

"Ó ti rọ̀ díẹ̀."

Rẹ̀mílẹ́kún di etí àga mú. Ó mọ ohùn náà. Ohùn òun ni, bí ó ṣe rí ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, nígbà tí òun ṣì ń sáré lọ síbi iṣẹ́ tí òun sì ń sáré padà wálé, tí òun kò tíì mọ̀ pé ìsáré méjèèjì yóò pàdé lórí òun. Ó gbìyànjú láti rántí ọjọ́ tí òun sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, kò rí i rántí.

Ohùn náà tún sọ̀rọ̀. "Ẹ káàsán mà. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ."

A gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ aṣọ fèrèsé nílé. Nígbà tí Ìyá Ọláìtán sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ṣì rọ̀ bí ti tẹ́lẹ̀.

"Ìwọ tí ò ń sọ̀rọ̀ yìí, o ò kúnlẹ̀."

"Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mà."

"Rárá o. Bí ìyàwó mi bá kúnlẹ̀, èémí rẹ̀ a já lẹ́ẹ̀kan kí ọ̀rọ̀ tó jáde, nítorí ẹ̀yìn ń dùn ún láti ọjọ́ tó bí ọmọ yìí. Mo ti sọ fún un kó yé kúnlẹ̀ fún mi, kò gbọ́. Ta ni ìwọ?"

Akọ̀wé gbé ọwọ́ kúrò lórí tábìlì. Ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé bí àgbà ilé bá kọ ohùn náà, àwọn kò ní lè gba etí ilé náà. Bí òfin ṣe wí nìyẹn. Ara Rẹ̀mílẹ́kún gbóná lójijì. Láti àárọ̀, kò sí ẹni tí ó na ọwọ́ láti dá a dúró. Ó ń bẹ ìyá ọkọ rẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé kó kọ̀, kó kọ̀ ọ́ tagbáratagbára, kí ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ òun.

Ìyá Ọláìtán mí kanlẹ̀.

"Wọ́n ti wá sọ fún mi pé èmi ni mo ṣẹ́ ẹsẹ̀ ọkùnrin kan láàárọ̀ yìí," ó ní. "Mo jókòó síhìn-ín, mo kàn fẹ́ gbọ́ ẹ káàárọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, bí ìyàwó mi bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ bá mi sọ fún un pé mo gbà. Kí ọmọ yìí má padà sí Ìsàlẹ̀ Odò. Bí ó bá jẹ́ pé irin ni yóò máa dá mi lóhùn, n ó máa dá irin lóhùn. Mo ti darúgbó, etí mi kò jẹ́ nǹkan kan mọ́."

Akọ̀wé wo Rẹ̀mílẹ́kún, ó sì ti àwo dúdú kékeré kan sí iwájú rẹ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ rárá. Ohun kan dún pẹ́ẹ́ nínú yẹtí náà, ó ṣí fúnra rẹ̀, ó sì bọ́ sí ọwọ́ akọ̀wé. Gbogbo ohun tí ó ti ń gbọ́ láti ọdún márùn-ún, èémí, ṣíbí, ẹsẹ̀ ọmọ lórí ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Etí rẹ̀ ṣófo bí ilé tí wọ́n kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀. Akọ̀wé ní àwọn kan máa ń sùn fún ọjọ́ méjì gbáko lẹ́yìn rẹ̀, pé kó má bẹ̀rù. Ó ní ẹ kú ìsinmi.

Agogo mẹ́ta kọjá díẹ̀. Ọ̀nà tí ó lọ sí ògiri gba iwájú ilé rẹ̀. Ó lè gba ọ̀nà ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà.

Àwẹ̀ró wà ní iwájú ilé, ó ń fi ẹfun ya àwọn ẹja sórí kọnkéré. Nígbà tí ó rí ìyá rẹ̀, ó ju ẹfun dànù, ó sáré wá, ó sì di mọ́ ọn ní itan. Rẹ̀mílẹ́kún bẹ̀rẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà. Òun gan-an ni, pẹ̀lú òórùn ọṣẹ ọrùn rẹ̀, pẹ̀lú egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kéékèèké. Ó gbé etí òsì lé àyà ọmọ náà, ó gbọ́ bí èémí ṣe ń sú fée nínú rẹ̀. Ó pẹ́ tí ó ti gbọ́ ọ báyìí. Ó ní kí Àwẹ̀ró jẹ́ kí àwọn jókòó síta níbí díẹ̀, àwọn méjèèjì, kí òun tó lọ síbi iṣẹ́.

"Ẹ ò ní pẹ́ dé?" ni ọmọ náà béèrè.

"N ò ní pẹ́."

Afẹ́fẹ́ yí láti ojú òkun, ó tutù, ó sì ní iyọ̀ nínú. Àwẹ̀ró húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Kò tíì húkọ́ lẹ́ẹ̀kejì tí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ fi fọhùn ní ohùn ìyá rẹ̀, ohùn dídùn náà.

"Àwẹ̀ró mi, afẹ́fẹ́ òkun ti dé. Dìde, wọlé, lọ fa oògùn rẹ símú."

Ọmọ náà gbé ojú sókè. Ó wo ẹnu ìyá rẹ̀, ẹnu náà wà ní pípadé. Ó wo ìlẹ̀kẹ̀. Ó tún wo ẹnu náà, bí ẹni tí ó ń dúró dè é pé kó sọ nǹkan.

"Dúró tì mí díẹ̀," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Àwẹ̀ró, èmi rè é. Èmi ni mo wà níwájú rẹ."

"Mo mọ̀, Mọ́mì."

"Wọlé, ọmọ dáadáa," ni ìlẹ̀kẹ̀ wí.

Láti ìgbà tí ọmọ náà ti mọ ọ̀rọ̀ gbọ́, Rẹ̀mílẹ́kún fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ọ pé bí ohùn òun bá ti ìlẹ̀kẹ̀ jáde, kí ó má béèrè ìdí, kí ó má wo ẹ̀gbẹ́, kí ó dìde lójú ẹsẹ̀, nítorí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó rí i tí ọmọ náà ń rántí. Kò mọ ohun tí òun lè sọ tí kò ní ba ẹ̀kọ́ náà jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì tú fúnra rẹ̀.

"Mọ́mì ní kí n wọlé," ni Àwẹ̀ró sọ fún un, tìfẹ́tìfẹ́, bí ẹni ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àlejò.

Ó gbọn ẹfun kúrò ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn méjèèjì, ó fi èjìká ti ìlẹ̀kùn, ó sì wọlé lọ láìwẹ̀yìn.